Fìlà Tí Bàbá Rán fún Àwọn Adájọ́

Thamesmead, London
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2014

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ kú ìnáwó Iléyá tó kọjá, ẹ sì kú àfaradà èmi ọmọ yín. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn. Mo ní mo ń bọ̀, mi ò wá. Rasheedat àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ya itan àgbò kan sọ́tọ̀ fún mi títí ó fi di ọjọ́ kẹta, kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dá mi dúró. Ilé àwọn àgbàlagbà tí mo ya àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá omi níbí, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, wọ́n ti mú un lórúkọ fún ẹ̀bùn ńlá kan tí wọ́n ń fún ilé tó dára jù ní gbogbo Yúróòpù. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń fún un. Kì í ṣe àwa la gbé ara wa kalẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò lè gbé ara rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wò káàkiri. Ẹgbẹ́ àwa akítẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán ilé ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà máa ń mú tiwọn wá. Ilé tí wọ́n mú lórúkọ lọ́tẹ̀ yìí lé ní irínwó, tiwa wà lára rẹ̀.

Wọ́n wá ní ká fi àwòrán àti fọ́tò àti àlàyé ránṣẹ́. Àwa mẹ́rin péré la wà ní ọ́fíìsì wa ní Woolwich, lókè ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Beresford Square, èmi ni mo sì mú ilé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló máa ṣe é tí mo bá wọ bàálù? Irfan ọ̀gá mi ò rí iṣẹ́ mìíràn gbà. Tá a bá gba ẹ̀bùn yìí, àwọn tó fẹ́ kọ́lé á máa wá wa wá. Tá ò bá gbà á, mi ò mọ̀ bóyá ọ́fíìsì náà á ṣì wà.

Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Mo máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo máa ń sùn nínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ fi sùúrù bá mi lò. Kí ni dókítà wá sọ nípa ojú yín? Àlàyé Rasheedat ò yé mi.

Èmi Àníkẹ́ yín tó ń tọrọ àforíjì,
Anisah

Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kọkànlá, 2014

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ìwọ náà. Lẹ́tà rẹ dé. Fúnra mi ni mo kà á, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Má pè mí lórí fóònù mọ́. Etí mi ò gbọ́ ohun tó ò ń sọ, bí mo bá sì ní kí wọ́n ṣí i sókè, gbogbo àdúgbò á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Lẹ́tà ló dáa.

Dókítà ní iṣan ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń kú. Kò sí gíláàsì tó lè ràn án lọ́wọ́, èyí tó sì ti lọ ti lọ nìyẹn. Oògùn tí mò ń kán sí i kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó má sáré ni. Ojú òsì ò ṣe nǹkan kan mọ́. Tọ̀tún ṣì ń gbìyànjú. Mo bi dókítà pé títí dìgbà wo, ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wá, kí n rí ọ, kí ojú yìí tó pa dé. Ìyá rẹ ṣì wà láyé nígbà tó o wálé gbẹ̀yìn, ìwọ náà mọ bí ìyẹn ṣe pẹ́ tó.

Ẹ̀bùn tó o sọ yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ̀bùn wo lèèyàn ò tọrọ, tí wọ́n á tún ní kó wá máa kó ìwé kalẹ̀ kí wọ́n tó fún un? Níbí, ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan á fún ọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fún ọ ló máa ń ní kó o lọ kó o bọ̀. Akíndélé tó ń hun aṣọ òkè tí mo fi ń rán fìlà ní àfi kéèyàn mọ adájọ́ kó tó lè jẹ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó panu mọ́, pé ọmọ mi ò mọ adájọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ohun kan ń rú mi lójú. Ṣé inú fọ́tò ni wọ́n ti ń mọ ilé tó dáa ni? Èmi ò lè mọ fìlà tó dáa nínú fọ́tò láéláé.

Tó o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, wá abẹ́rẹ́ olójú ńlá fún mi. Rasheedat ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀. Bó bá ki méjì, á ní òun ń lọ sọ́jà.

Èmi bàbá rẹ tó ń wọ̀nà,
Gafar

Thamesmead, London
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, 2015

Bàbá mi,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ kú ọyẹ́. Òtútù tibí ò jẹ́ kí ọwọ́ mi mú bírò dáadáa, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Mo rí abẹ́rẹ́ rà nínú ọjà Beresford Square, ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Mo fún Sìdí, obìnrin oníṣòwò tó máa ń rin Èkó sí London. Ó ní fúnra òun lòun á gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ohun tí dókítà sọ. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀, mo sì sunkún. Mo ń bọ̀, Bàbá. Ẹ kàn jẹ́ n parí èyí tó kù.

Méje làwọn adájọ́. Wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ṣa ogójì nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn. A bọ́ sínú ogójì. Wọ́n tún jókòó, wọ́n yọ ọ́ títí ó fi ku márùn-ún. A wà nínú márùn-ún náà. Irfan pariwo débi pé onílé oúnjẹ ìsàlẹ̀ sáré gòkè wá wò ó. Èmi, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayọ̀ ni, àárẹ̀ sì ni.

Ẹ béèrè bóyá inú fọ́tò ni wọ́n ti ń mọ ilé. Rárá o. Ní oṣù kẹrin, àwọn adájọ́ méjèèje á wọ bàálù, wọ́n á lọ wo ilé márààrún láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n á ṣí fèrèsé. Wọ́n á bá ẹni tó ní ká kọ́ ọ sọ̀rọ̀, torí òun àti akítẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jọ ń dá lọ́lá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n á bi wọ́n bí ilé ṣe bá wọn lára mu sí. Nígbà yẹn, èmi àti Irfan ò gbọdọ̀ sí nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má bàa tìtorí tiwa gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mama Felicia, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Àwọn aláìsàn ló tọ́jú jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Woolwich kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí ilé ìdáná tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ó ní òun lòun máa gba àwọn adájọ́ lálejò, kí n fọkàn balẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má se ìrẹsì.

Ìpinnu á jáde ní oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń bọ̀ wálé.

Anisah yín

Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 2015

Àníkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ. Abẹ́rẹ́ dé, Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà rẹ ní fífẹ̀. Mo sọ fún Akíndélé pé márùn-ún ló kù nínú irínwó, pé o wà níbẹ̀. Ó bù mí láṣọ òkè tó dáa jù nínú ilé rẹ̀, ó ní kí n lọ fi ṣe ohun tó bá wù mí.

Iléyá lo kọ́kọ́ sọ, ó ti wá di oṣù karùn-ún. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, mi ò rí ojú ẹni tó ń kí mi mọ́. Ohùn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Bí o bá ń sáré, máa sáré tọ́hùn-ún bọ̀ wá síbí.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún ọ. Mo ti rán fìlà gọ̀bì méje fún àwọn adájọ́ rẹ. Sìdí ti gbé e lọ. Mi ò ní kó gbé e fún ọ, torí mo mọ̀ ọ́, inú àpótí ni wàá kó o sí. Mama Felicia ni mo ní kó fún. Sìdí ní òun mọ̀ ọ́n, pé ọ̀dọ̀ òun ló ti ń ra gààrí. Ìwọ lo wà lábẹ́ òfin wọn, tó o ò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Èmi ò sí lábẹ́ òfin kankan níbẹ̀. Àgbà méje á wọ bàálù láti ọ̀nà jíjìn wá wo iṣẹ́ ọmọ mi, wọ́n á wò ó tán, wọ́n á wá máa lọ lọ́wọ́ òfo? Ṣé kí wọ́n máa ní ọmọ yìí ò ní bàbá ni?

Má ṣe pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, orí ni wọ́n ń dé fìlà sí. Mi ò ní kí wọ́n fún ọ ní nǹkan kan. Mo kàn kí wọn ni.

Mi ò mọ bí orí wọn ṣe tóbi tó, mo gé e bí orí Akíndélé.

Bàbá rẹ,
Gafar

Thamesmead, London
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún, 2015

Bàbá,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ má bínú pé ìkíni mi ò pọ̀.

Ìgbà tí àwọn adájọ́ ti wá, tí wọ́n ti lọ, ni lẹ́tà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ká ní ó tètè dé ni, ǹ bá sáré lọ gba ọ̀rá fìlà yẹn lọ́wọ́ Mama Felicia, ǹ bá jù ú sómi.

Wọ́n dé láàárọ̀. Wọ́n yí ilé po, wọ́n bi wá léèrè, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Wọ́n ní kí èmi àti Irfan bọ́ síta kí wọ́n lè bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ nílé ìdáná. A dúró sétí omi. Ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, fìlà yín wà lórí tábìlì, wọ́n ká a jọ. Mama Felicia ti gbàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àmín tán, ló bá mú fìlà, ó ń dé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin ni, obìnrin ni. Obìnrin ni olórí wọn, Bàbá. Ó dé gọ̀bì fún un. Ó ní bàbá ọmọ tó ya ilé yìí ló ní kí òun fi kí wọn. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ṣí i, ó ká a, ó gbé e sílẹ̀. Àwọn tó kù náà ṣí tiwọn. Ó ní òfin ò gbà wọ́n láyè láti gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣèdájọ́ fún, tàbí lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Irfan kọjú sí mi níwájú gbogbo wọn. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ sí èyí?”

Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sáwọn tó ń ṣètò ẹ̀bùn náà, kó lè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwọn márààrún lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n sì gbé ẹ̀bùn fún ilé mìíràn, ní ìlú mìíràn. Irfan nìkan ló lọ, èmi ní ara mi ò yá. Kò sọ pé fìlà ló fà á. Látìgbà tó ti dé, kò bá mi sọ nǹkan kan rárá.

Ó dùn mí, Bàbá, ó dùn mí wọra. Mo sọ fún yín ní kedere pé a ò gbọdọ̀ sí nítòsí. Ẹ̀yin wá ti Ìjẹ̀bú na ọwọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ ní ẹ ò sí lábẹ́ òfin wọn, èmi ọmọ yín ló wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni wọ́n sì fìyà jẹ. Mo ti fi ọjọ́ ìsinmi mi, oorun mi àti wíwá sílé mi sínú nǹkan yìí.

Mi ò ní lè wá lóṣù yìí. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo máa wá. Ẹ jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná.

Anisah

Thamesmead, London
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje, 2015

Bàbá mi,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á.

Ẹ ò kọ̀wé sí mi. Mo pe Rasheedat, ó ní “Bàbá wà,” ló bá ní iná fẹ́ tán lára fóònù òun. Mo tún pè é, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ṣé ẹ̀ ń kán oògùn náà?

Oòrùn ibí kì í tètè wọ̀ nígbà báyìí. Tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, pápá Plumstead Common ni mo máa ń lọ jókòó sí títí àkókò ìṣínu á fi tó, torí mi ò fẹ́ dá jókòó sílé. Kò sí nǹkan tí mò ń rò níbẹ̀ jù yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Anisah

Thamesmead, London
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹjọ, 2015

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékùn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ìkúnlẹ̀ nìkan ò lè tó o.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá fúnni ní ẹ̀bùn yẹn, wọ́n máa ń tẹ ìwé jáde nípa àwọn ilé náà, wọ́n á kọ ohun tí àwọn adájọ́ rí síbẹ̀. Ti ọdún yìí dé ọ́fíìsì. Irfan kà á tán, ó gbé e síwájú mi, ó fi ìka sí ojú ibẹ̀. Wọ́n yin ilé ìdáná wa, wọ́n yin bí àwọn arúgbó ṣe ń rí omi láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n wá ní ọ̀nà tó la àárín ilé kọjá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, débi pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń táràrà kí wọ́n tó dé yàrá wọn. Èmi ni mo ya ọ̀nà yẹn. Mama Felicia ti ráhùn nípa rẹ̀ sí mi rí, mo ní ó máa mọ́ ọn lára. Irfan ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá lòun ti rí i lójú wọn pé ibẹ̀ ló bà á jẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo ti mọ̀.

Bàbá, kì í ṣe fìlà. Mo fi gbogbo oṣù wọ̀nyí bínú sí yín lórí ohun tí ẹ ò ṣe. Ẹ forí jì mí.

Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ti ń wọlé fún wa, àtúnṣe ilé ìwé kan ló wà lọ́wọ́. Mo ti gbàyè lọ́dọ̀ Irfan, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo máa wà lọ́dọ̀ yín fún Iléyá. Mo fẹ́ tẹ àwọn fọ́tò ilé náà ní ńlá ńlá kẹ́ ẹ lè rí i dáadáa. Àwòrán ilé náà tí a fi pákó ṣe ní kékeré, tí wọ́n gbé lọ fún àwọn èèyàn wò, ti padà dé. Ó ti gba gbogbo yàrá mi, mi ò ríbi tẹ ẹsẹ̀ sí. Irfan ní kí n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó nǹkan tí wọn ò lò mọ́ lọ ní Nathan Way. Bí mo bá ráyè lọ́sẹ̀ yìí, mo máa gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Anisah yín

Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, 2015

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Rasheedat ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Má bá a jà. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ lórí fóònù. Sìdí ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ fún ọ, kó lè tètè dé.

Ojú ọ̀tún ti lọ. Oṣù karùn-ún ló lọ, kí lẹ́tà ìbínú rẹ tó dé. Rasheedat ló kà á fún mi. Bó ti ń kà á ló ń fo àwọn ibì kan, mo sì ní kó padà sẹ́yìn kó kà á bó ṣe wà. Kò bí mi nínú tó bó o ṣe rò. Mi ò fẹ́ dáhùn ni, torí pé bí mo bá dáhùn, àfi kí n sọ fún ọ, ìwọ á sì rò pé ìwọ lo fà á. Ìwọ kọ́ lo fà á. Ojú yẹn ti ń lọ kí wọ́n tó mú ilé rẹ lórúkọ. Mo kàn fẹ́ rí ọ kó tó lọ ni, kò sì bọ́ sí i. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ní ti fìlà, mo ti gbọ́. Àṣìṣe mi ni, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Ṣùgbọ́n o ò sọ fún mi pé obìnrin wà nínú wọn. Ká ní mo mọ̀ ni, gèlè ni ǹ bá rán.

Má tẹ fọ́tò kankan. Kò wúlò fún mi mọ́. Ilé onípákó yẹn ni kó o gbé bọ̀. Bó o bá ti gbé e jù nù, lọ bá mi wá a níbẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ tó dáa, ọwọ́ náà ni mo fi rán àwọn gọ̀bì yẹn nígbà tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. N ó tọ ọ̀nà tí wọ́n ní ó ṣókùnkùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó sì sọ fún ọ bó ṣe rí lára mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bó o bá dé, gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó o wá kúnlẹ̀ síwájú mi, kó o má tíì sọ̀rọ̀. Gbé ojú rẹ wá síbi ọwọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Bàbá rẹ,
Gafar